Tépù Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Kó Sápò

Ẹ̀yin àbúrò mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí ẹ sì rò pé ìrìn àjò ti tán láyé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ó ti lé lọ́dún 13 báyìí tí ọ̀kadà gbá mi ní Adó-Èkìtì, tí eegun ẹ̀yìn mi sì ṣẹ́. Télọ̀ ni mí kó tó ṣẹlẹ̀, télọ̀ náà ni mí títí dòní. Nídìí ìránṣọ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí n tó mọ̀ pé yóò wúlò fún mi lójú ọ̀nà: a kì í gé aṣọ tí a kò tíì wọ̀n.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ni àbúrò mi ṣe ìgbéyàwó nílùú mìíràn. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì tí a máa sùn sí, mo bi wọ́n pé ṣé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé síbẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Kò sí wàhálà, mà, ẹ máa bọ̀." Kò parọ́ fún mi, lójú tirẹ̀, kò sí wàhálà lóòótọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin méjì gbé mi gòkè. Àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ há. Mo yọ tépù tí mo fi ń wọn oníbàárà, mo wọn ẹnu ọ̀nà náà: íǹṣì 23. Kẹ̀kẹ́ tèmi, íǹṣì 25. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló bu omi sínú báfù wá bá mi ní yàrá, mo wẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ tuntun, lọ́jọ́ tí gbogbo ẹbí ń wọ aṣọ ẹbí tí èmi fúnra mi rán. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í béèrè bóyá ààyè wà mọ́. Ìwọ̀n ni mo ń béèrè. Àtẹ̀gùn mélòó ni? Ṣé ó ga ju kókósẹ̀ lọ? Ẹ bá mi fi tépù tàbí rúlà wọn ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kì í ṣe ti yàrá o, ti balùwẹ̀ gan-an, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp. Ẹnu ọ̀nà tó bá tó íǹṣì 32 ni ẹ lè gbà kọjá láìjẹ́ pé ògiri bó yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́, ẹ béèrè gíga rẹ̀, ẹ sì béèrè gígùn rẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ilẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lè dojú kẹ̀kẹ́ dé, kódà bí èèyàn bá ń tì yín lẹ́yìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe nítorí àwa aláàbọ̀ ara. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹ̀tọ́ yín ni ẹ ń béèrè, ẹ kò tọrọ bárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìkógòsì, ibi ìsun omi gbígbóná ní Èkìtì níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa ń sọ pé ẹ fẹ́ dé. Èmi àti àbúrò mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ la wọ ọkọ̀ láti Adó, a gba Arámọkọ kọjá. Kí dẹ́rẹ́bà tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mi ni mo ti sọ fún un pé kó má fi ibi tí mo ń gbé apá lé gbé e. Ibẹ̀ máa ń yọ dání ni, kẹ̀kẹ́ á sì já lulẹ̀. Irin abẹ́ ìjókòó ni kó dì mú. Mo yọ tìmùtìmù mi kí ó tó tì í sínú búùtù, mo fi jókòó nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ìdí yín kò mọ nǹkan lára mọ́, tìmùtìmù yẹn kì í ṣe fàájì. Ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ara yín sókè, tàbí kí ẹ fẹ̀gbẹ́ kan tì fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ibẹ̀. Egbò ìjókòó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àpá pupa lásán.

Ẹ mu omi pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í fẹnu kan omi lọ́jọ́ ìrìn àjò nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi náà ṣe é, àìsàn ìtọ̀ sì dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì sáré wá, wọ́n fẹ́ tì mí lọ tààrà. Mo ní, "Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ọmọ mi." Mo ní kí wọ́n yí mi padà, kí ojú mi kọ òkè, kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣáájú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tì yín lọ síwájú, táyà kéékèèké iwájú á rì sínú iyanrìn, ẹ̀yin á sì fojú gbolẹ̀.

Létí omi, gbogbo wọn ti bọ́ bàtà. Ọmọ àbúrò mi ti ń fa ẹsẹ̀ mi kó lè kì í bọ omi. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ọdún tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná lé itan, n kò mọ nǹkan kan títí awọ ara fi bó. Oṣù mẹ́ta ni egbò yẹn fi jinná. Nítorí náà, ìgbọ̀nwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi tọ́ omi wò. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò jó ni. Ìgbà náà ni mo tó jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ mi sí i.

Lẹ́yìn náà wọ́n tì mí dé ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àbúrò mi dì mí lẹ́jìká. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ gbígbóná, mo ki òsì bọ tútù. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé omi gbígbóná àti tútù jọ ń ṣàn ní Ìkógòsì. Ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi tó gbà á gbọ́.

A yà ní Àrìnta, ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, òkè ni ibẹ̀, n kò gùn ún. Ó dùn mí. Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ẹ kò nílò láti gùn ún kí ẹ tó rí i: ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà rọra dúró nínú ìlú, kí ẹ gbójú sókè.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà ni mo ń kọ ìwọ̀n ẹnu ọ̀nà sí: ilé oúnjẹ tí mo ti ń jẹ iyán, ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì, gbogbo ibi tí mo ti dé. Ó ti kún ojú ewé mọ́kànlá. Bí ẹ bá ń lọ síbì kan ní Èkìtì, ẹ bi mí, bóyá ó ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n kọ ọ́ sí i.