Ẹ má di gbogbo àìsàn ọmọ ru eyín

Ládùúgbò wa n'Íbàdàn, tí ọmọ bá ti tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, kò sí ohun tó lè ṣe é tí wọn ò ní ní eyín ló ń hù. Ara rẹ̀ gbóná, eyín ni. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni. Ọmọ méjì ni mo ti tọ́ kọjá ibẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ bẹ ẹ̀yin ìyá ọmọ ni pé kí ẹ mọ ohun tí eyín ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí àìsàn ń ṣe.

Ti eyín ò ju kí itọ́ máa ṣàn títí àyà aṣọ á fi rin gbingbin, kí ọwọ́ má kúrò lẹ́nu, kí erìgì wú kó sì pọ́n, kí ọmọ máa kanra, pàápàá lóru. Ara lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Méjì iwájú nísàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ti àwọn mìíràn ń yọ lóṣù kẹrin, àwọn mìíràn á pé ọdún kan kí ọ̀kan tó jáde. Tó bá jẹ́ tòkè ló ṣáájú, ẹ̀rù máa ń ba àwọn àgbà kan, ṣùgbọ́n kò sí ewu níbẹ̀ rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ara àkọ́bí mi gbóná. Ìyá ọkọ mi gbé e lé itan, wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀, eyín ni. Báyìí náà ni bàbá rẹ̀ ṣe ṣe.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kàn wọ̀n ọ́n wò.” Mo fi tẹmọ́mítà há a lábíyá: 38.9°C. Màmá fúnra wọn ló kọ́kọ́ dìde wá gèlè. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, ibà ẹ̀fọn ni. Láti ọjọ́ náà, bí aládùúgbò kan bá ní eyín ló ń dààmú ọmọ òun, Màmá á ní, “Ẹ ti wọ̀n ọ́n?”

Tó bá ti tó 38, ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí tí eyín àti àìsàn fi ń bára wọn pàdé ò le: àsìkò yẹn gan-an ni ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún ń tán lọ, àsìkò yẹn náà ló ń rá, tó ń kó gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu. Kòkòrò àìsàn inú ìdọ̀tí ló sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru. ORS, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, àti síńkì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, kí ọmú má sì dáwọ́ dúró.

Fún ìrora erìgì, ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ò náni lówó. Mo máa ń rẹ aṣọ ìnujú kékeré sómi mímọ́, máa fún un, máa gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe níbi tó ti máa dì, nítorí yìnyín máa ń pa erìgì lára. Ọmọ á di ìdí aṣọ náà mú, á máa jẹ ẹ́, ẹkún á rọlẹ̀. Tàbí kí ẹ fọ ọwọ́ dáadáa, kí ẹ fi ìka ra erìgì náà díẹ̀díẹ̀. Òrí ni mo ń fi pa àgbọ̀n rẹ̀ kí itọ́ má baà bó o. Tó bá gé yín ní ọmú jẹ, ẹ má fà á yọ; ẹ ti ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀, á là á fúnra rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ eyín tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn, ẹ bá mi yọ ọ́: ó lè fún un lọ́rùn, ó sì lè já kó há a lọ́fun.

Oògùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́dún 2008, àwọn òbí ra oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin ní Nàìjíríà, láìmọ̀ pé májèlé diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò tọ̀ mọ́, ọmọ 84 ló kú. Mi ò lè rántí rẹ̀ kí àyà mi má já. Oògùn ìpara tó ní benzocaine, tó ń mú erìgì kú, náà kò dáa: ní 2018, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí a má fi sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Àgbo eyín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife kan, ara ọmọ oṣù mẹ́fà ò sì gba àṣìṣe. Tí ìrora bá pọ̀, pàrásítámọ́ọ̀lù ọmọdé tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni, kí nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn wọn iye tó yẹ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún yín.

Ní ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá sì ti yọrí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ.