Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ni Mo Wà

Ìyá ìyàwó mi wá bá wa wẹ ọmọ tuntun ní Boston. Nígbà tí ara ọmọ ti gbó díẹ̀, mo ní kí n ṣe àna rere, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kí Màmá lè fojú kan àbùùbùtán. Ìyàwó mi ní òun ò lọ, ọmọ òun ò tíì tó í gbé wọ agbami. Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin.

Stellwagen Bank là ń lọ, ibì kan lójú òkun nítòsí Boston, níbi tí àwọn ẹranko náà ti ń wá jẹ ẹja wẹ́wẹ́ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ní èbúté, èmi ni ọ̀gá olùkọ́: mo ní kì í ṣe ẹja, ó ń fọ́mọ lọ́mú, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lápá Dominican Republic ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bímọ nígbà òtútù kí wọ́n tó kó ọmọ wá síhìn-ín. Màmá ń mi orí. Bí a ṣe bọ́ sí ibi tí ìgbì gidi wà, àlàyé tán. Ẹ̀bà àárọ̀ tí Màmá ní mo gbọ́dọ̀ jẹ kí atẹ́gùn òkun má baà kó sí mi nínú bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó na báàgì sí mi, ó sì júwe ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni mo tẹ̀dó sí.

Wọ́n ké nínú máíìkì pé, “Aago méjì! Aago méjì!” Èrò ya lọ sápá ọ̀tún. Màmá wo aago ọwọ́ wọn.

“Mọ́kànlá ò tíì lù o. Bàbá Ìyanu, ṣé aago àwọn èèyàn yìí ti bàjẹ́ ni?”

Imú ọkọ̀ ni wọ́n ń pè ní aago méjìlá, ọ̀tún níwájú sì ni aago méjì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ẹnu mi níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ọmọdé òyìnbó kan ló fìka hàn wọ́n.

Mo gbọ́ “Háà!” Mo gbórí sókè, ìrù ti wọmi. Èémí rẹ̀ nìkan ló kàn mí: òórùn ẹja tó ti jẹrà, tààrà sí imú. Mo tún dorí kodò.

Ìyá àtọmọ ni wọ́n. Mo ń gbọ́ ohùn Màmá níwájú, wọ́n ń kí ẹranko tó gùn ju bọ́ọ̀sì lọ: “Ẹ kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó!” Àwọn onímọ̀ máa ń wo àmì ara àwọn ẹranko yìí kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ, bíi Salt, tí lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì funfun bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Màmá ò dúró de onímọ̀ kankan. “Ìbídòkun lorúkọ ọmọ yìí!”

Àdéhùn ọlọ́kọ̀ ni pé bí èrò ò bá rí àbùùbùtán, wọ́n á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a ṣe gúnlẹ̀, mo wọ́ ara mi dé ojú fèrèsé wọn, mo ní èmi ò rí nǹkan kan. Àánú mi ti ń ṣe obìnrin tó wà níbẹ̀, ó ti ń wá gègé, kí n tó rí ọwọ́ kan tó na fóònù kọjá èjìká mi.

“Mọ́mì!” ni Màmá ń sọ fún un, wọ́n ń yọ ìka méjì. “Bébì!”