Ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa kọ́ ló yẹ ká dán an wò

Ata gbígbẹ ni màmá mi ń lọ̀ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà n'Íléṣà. Ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ wọn rí á mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń lọ ata nìkan ló ń sín. Oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń sín, ìyá ẹlẹ́ja tó wà lódìkejì ń wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí ata lójú afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ láàbù.

N'Ílé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n mo lo ọdún méjì ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn cell sorter. Ẹ̀rọ náà á to sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi tó ń tú jáde lójú ihò kan tí kò fẹ̀ ju irun orí lọ, 70 máíkírómítà. Lésà á yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, omi á já sí ẹ̀kán-ẹ̀kán, ó lè tó 90,000 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iná mànàmáná á wá yà wọ́n sọ́tùn-ún àti sósì, kálukú sínú túùbù tirẹ̀. Agbára tó ń ti omi yẹn jáde tó 70 psi. Táyà mọ́tò tí fọganáísà ń fún ní Lagere, nǹkan bíi 32 ni.

Tí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, kò séwu. Àmọ́ bí sẹ́ẹ̀lì méjì mẹ́ta bá lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n dí ihò náà, omi á wọ́, á lọ gbá etí ibi tó yẹ kó bọ́ sí, á sì fọ́ yángá. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ là ń pè ní aerosol: ìrì tí ojú kò rí, tí kì í tètè balẹ̀. Èyí tí kò bá tó 5 máíkírómítà nínú rẹ̀ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Ata màmá mi ni, àmọ́ èyí kì í jẹ́ kéèyàn sín.

Lọ́jọ́ kan, ihò náà dí mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni mo ń ṣà, ẹ̀jẹ̀ tútù, tí HIV tàbí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú lè wà nínú rẹ̀ láàyè. Mo ń kánjú kí sẹ́ẹ̀lì má baà kú. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi tíṣù nu ún. Obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ kò pariwo. Ó ní kí n bọ́ aṣọ láàbù mi, kí n lọ fọwọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó da Glo Germ sínú ẹ̀rọ. Ìyẹ̀fun ike ni, hóró rẹ̀ kan tó nǹkan bíi 5 máíkírómítà, tí iná UV bá bà á, á máa tàn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ darí omi náà kó máa gbá etí, ó wá ní, "Ṣe ohun tó o ṣe lánàá gan-an." Mo ṣe é. Ó pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì UV sí mi lára. Àmì wínníwínní aláwọ̀ ewé wà létí ọwọ́ aṣọ mi. Ó wà lára gíláàsì ojú mi. Mẹ́ta wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, níbi tí ìbòmú mi ti ká sókè. Mo ń wo mẹ́ta yẹn nínú dígí, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ìdánwò gidi tún le ju ìyẹn lọ. A ó gbé ohun èlò tó ń fa afẹ́fẹ́ ti ẹnu ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú gíláàsì pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, á máa fà nígbà tí omi ń gbá etí, lẹ́yìn náà a ó ka iye hóró Glo Germ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì yẹn lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Tí ilẹ̀kùn bá tì, tí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú asẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, òdo ni a fẹ́. Ẹyọ hóró kan péré, ẹ̀rọ ti fìdí rẹmi. ISAC, àjọ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí lágbàáyé, ti kọ ìlànà jáde ní 1997, 2007 àti 2014. Ṣùgbọ́n apá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ló jọ mí lójú jù: ká pa fáànù, ká ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ká tún un fà. Ìgbà yẹn gíláàsì gbọ́dọ̀ kún. Bí kò bá kún, òdo tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan kò ní láárí, ìdánwò yín ni kò ríran.

Nígbà tí mo padà sí Ifẹ̀, kò sí cell sorter ní láàbù tiwa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ là ń gbà, a ń wá kòkòrò TB nínú rẹ̀. A ní kábínẹ́ẹ̀tì ààbò, àpótí tí à ń ki ọwọ́ bọ̀ ṣiṣẹ́, tí fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kúrò lọ́dọ̀ wa; ó ní asẹ́ HEPA, èyí tó ń gbá ó kéré tán 99.97 nínú 100 hóró tó tó 0.3 máíkírómítà mú. Ọ̀gá mi, bàbá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ní kò sóhun tó ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká wò ó bíi pé NEPA ti mú iná lọ."

Mo tan igi tùràrí kan, mo gbé e sẹ́nu kábínẹ́ẹ̀tì. Èéfín ń wọlé bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Mo ní kí ọmọ tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa pa súìṣì. Fáànù rọra dákẹ́. Èéfín dúró díẹ̀, ó yíjú padà, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá fọwọ́ bo imú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń mú iná lọ níbí lójúmọ́?"

Ínfátà ti wà fún kábínẹ́ẹ̀tì nìkan báyìí, Ọ̀gá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi fóònù sí i. Bí ínfátà náà bá kọ̀, ẹ dé túùbù, ẹ fa gíláàsì iwájú wálẹ̀, ẹ jáde, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ parí èyí tó kù.

Centrifuge, ẹ̀rọ tó ń fi túùbù yí kíákíá, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, torí ó wà ní láàbù gbogbo, títí dé àwọn kéékèèké tó wà ní Sábó àti Mọdákẹ́kẹ́. Tí túùbù bá fọ́ nínú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ má ṣí i fún 30 ìṣẹ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló dá iye yẹn. Mo mọ̀ pé aláìsàn ń dúró níta. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Ìyókù Glo Germ tí mo kó bọ̀ la fi dán ìdérí ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń to túùbù sí nínú centrifuge wa wò. A kọ́kọ́ yí ife kan láìdé e, ká lè mọ̀ pé ojú wa ń ríran: gbogbo inú ẹ̀rọ ló tàn. A fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, a wá dé ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta ṣókùnkùn. Ẹ̀kẹrin ní òrùka àwọ̀ ewé yí ọrùn ká. Rọ́bà rẹ̀ ti sán níbì kan tó tín-ín-rín débi pé èékánná mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

A ṣì ń wá rọ́bà náà. Torí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ife méjì tó kọjú síra là ń lò, àwọn méjì yòókù wà láyè wọn lófìfo. Iṣẹ́ tí a fi ń ṣe ìdajì ọjọ́ ti di odindi ọjọ́ kan. Ọmọ IT náà ti lẹ bébà pupa mọ́ ẹ̀kẹrin, ó kọ "Ẹ má lò ó" sí i lára.