Bí mo ṣe ń yan àwọn tó lè gba ife ní Wimbledon: ìpele àkọ́kọ́ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì tó máa ń ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje Wimbledon, tí wọ́n bá ti ṣẹ́ kèké tán tí ìwé ìfigagbága sì ti jáde, ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa olólùfẹ́ tẹ́níìsì máa ń sáré lọ sí ìparí ìwé náà. A fẹ́ mọ̀ bóyá Alcaraz àti Sinner ló máa pàdé ní àṣekágbá, a sì fẹ́ mọ obìnrin tí ọ̀nà rẹ̀ dán jù lọ. Ó pẹ́ tí èmi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ yìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, a ó sì jọ gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí ìdíje bá parí. Ẹ̀kọ́ tó wúlò fún mi jù lọ nínú rẹ̀ ni pé, tó bá jẹ́ orí pápá oníkoríko ni, ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì ló yẹ kí ènìyàn fi àkókò rẹ̀ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni koríko ti máa ń gbé àgbà ṣánlẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé náà ń dáàbò bò àti ohun tí kò dáàbò bò. Àwọn eléré 128 ló máa ń wọ ìdíje àwọn ọkùnrin, 128 náà ni ti àwọn obìnrin. Nínú wọn, àwọn 32 ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà, àwọn ni à ń pè ní síìdì, wọ́n sì máa ń tò wọ́n kí síìdì kan má baà pàdé síìdì mìíràn títí di ìpele kẹta. Ní ìpele kẹta yẹn, ẹni tó wà láàárín nọ́ńbà 1 sí 8 ń retí ẹni tó wà láàárín 25 sí 32. Ní ìpele kẹrin, àwọn nọ́ńbà 1 sí 4 ń retí àwọn 13 sí 16. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àwọn 96 yòókù, torí pé èyíkéyìí nínú wọn ni kèké lè gbé kò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 2003, Lleyton Hewitt ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà ló di ife mú, òun náà sì ni nọ́ńbà 1, ni kèké bá gbé Ivo Karlović ọmọ Kròéṣíà fún un, ọkùnrin kan tó ga ju mítà méjì lọ, tó jẹ́ pé ìdíje ìwọlé, èyí tí àwọn tí ipò wọn kò tó fi ń wá àyè, ló bá wọlé. Hewitt gba sẹ́ẹ̀tì (ìyẹn abala eré) àkọ́kọ́ 6-1. Lẹ́yìn náà ni sáàfù Karlović, bọ́ọ̀lù tí eléré fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti òkè lọ́hùn-ún, ó gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kù, ẹni tó ni ife sì di ará ilé ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé tiwa. Ní ọdún 1983, Nduka Odizor, tí wọ́n bí ní Èkó, bá Guillermo Vilas ti Ajẹntínà pàdé ní ìpele àkọ́kọ́. Nọ́ńbà 4 ni Vilas nínú ìdíje náà, ó sì ti gba ife ńláńlá rí, àmọ́ orí pápá alámọ̀ ni agbára rẹ̀ wà jù. Ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Odizor. Odizor kò ṣíwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ̀wẹ̀sì, ó gba mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó sì bá eré rẹ̀ lọ títí dé ìpele kẹrin. Ìgbàkigbà tí mo bá rí orúkọ ńlá kan tó jẹ́ ọ̀gá lórí amọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ sáàfù gbá tó sì fẹ́ràn láti máa sáré lọ síwájú nẹ́ẹ̀tì, eré ọdún 1983 yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, mi ò sì ní kọ orúkọ ńlá náà sílẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ipò tí eléré wà lágbàáyé kì í purọ́, ṣùgbọ́n orí pápá líle àti pápá alámọ̀ ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àmì tí wọ́n fi ń ṣírò ipò ọ̀hún jọ. Nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́sàn-án tí àwọn ọkùnrin ń pè ní Masters 1000, mẹ́fà wà lórí pápá líle, mẹ́ta wà lórí amọ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo lórí koríko. Àwọn alákòóso Wimbledon fúnra wọn mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti ọdún 2002 títí di 2019, wọ́n máa ń fi àmì tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gbà lórí koríko kún ìṣirò kí wọ́n tó pín nọ́ńbà. Ìṣirò yẹn ló jẹ́ kí Federer di nọ́ńbà 2 ní 2019 nígbà tí Nadal di nọ́ńbà 3, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nadal ló wà lókè rẹ̀ nínú ètò ipò àgbáyé. Láti 2021 ni wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ipò àgbáyé bó ṣe wà. Fún ìdí èyí, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń bá wa ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ tí olólùfẹ́ tẹ́níìsì gbọ́dọ̀ ṣe fúnra rẹ̀: mú síìdì kọ̀ọ̀kan, béèrè ohun tó ti ṣe lórí koríko láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí o wá wo ẹni tí kèké gbé kò ó.

Ohun tí mo máa ń wò lára eléré kò pọ̀. Mílímítà 8 ni wọ́n ń gé koríko Wimbledon sí, bọ́ọ̀lù tó bá sì balẹ̀ sórí rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá, kì í fò sókè bíi ti orí amọ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi rákẹ́ẹ̀tì gé bọ́ọ̀lù kí ó lè lọ nílẹ̀-nílẹ̀ yóò fìyà jẹ ẹni tó ga tí kò fẹ́ràn àtibẹ̀rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Tatjana Maria ti Jámánì gbá ní ọdún 2022 tó fi wà nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, ẹni ọdún 34 ni, ìyá ọmọ méjì sì ni. Mo tún máa ń wo ẹsẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, koríko ṣì tutù, ó ṣì ń yọ̀, àgàgà tí wọ́n bá pa òrùlé dé, ẹni tó bá sì ń fa ẹsẹ̀ gbọọrọ bíi pé orí amọ̀ ni ó wà lè ṣubú. Ní 2021, Serena Williams yọ̀, ó fi ara pa, kò lè parí sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kan náà, Adrian Mannarino ti ń borí Federer pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì méjì sí ọ̀kan kí òun náà tó yọ̀ tí orúnkún rẹ̀ sì dá a dúró. Tí mo bá ń wo eléré tí mi ò mọ̀ dáadáa, mo máa ń wá ìgbà tí ó ń dúró lẹ́yìn eré sísá: tí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, tí ó tẹ orúnkún, tí ìdí rẹ̀ sì sún mọ́lẹ̀, mo gbà pé ó mọ ibi tí ó wà. Inú mi dùn pé aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà bára mu ní àsìkò ìdíje yìí. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọn pápá kéékèèké náà ni tiwa, orí àwọn pápá wọ̀nyẹn sì ni ènìyàn ti ń rí ohun tí àwọn ìròyìn alẹ́ kì í mẹ́nu bà.

Ìpele àkọ́kọ́ ọdún 2025 ni kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ kà. Síìdì 23 ló ṣubú nínú rẹ̀, 13 láàárín àwọn ọkùnrin, 10 láàárín àwọn obìnrin. Coco Gauff, nọ́ńbà 2, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife French Open lórí amọ̀ nílùú Paris ni, kèké sì gbé Dayana Yastremska ti Yukiréènì fún un, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ pẹ̀lú agbára, tí koríko sì bá eré rẹ̀ mu. Sáàfù Gauff ń kùnà léraléra, Yastremska gba eré náà 7-6, 6-1. Lóòótọ́, láti ọdún 2015 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wà láàárín ìdíje Paris àti ti Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ni tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ àkókò náà kéré fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí amọ̀.

Ní ti àwọn ìdíje ìgbaradì bíi Queen's, Halle àti Bad Homburg, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà wọ́n. Alcaraz gba Queen's ní 2023, ó sì lọ gba Wimbledon. Ṣùgbọ́n ní 2025, Jessica Pegula gba Bad Homburg ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Elisabetta Cocciaretto ti lé e kúrò ní Wimbledon 6-2, 6-3. Bublik ló gba Halle lọ́dún kan náà, ó lé Sinner jáde níbẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ ni òun fúnra rẹ̀ ti ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù, Sinner sì gbé ife. Èrò tèmi ni pé iye eré tí ènìyàn gbá lórí koríko àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ife tó gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó gba ìdíje ìwọlé ní Roehampton kọjá, torí pé wọ́n ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí koríko kí síìdì tí wọ́n fẹ́ pàdé tó gbá bọ́ọ̀lù kan nínú ìdíje náà.

Àárẹ̀ náà wà lára ohun tó yẹ kí a fi ka ìpele kejì. Gbogbo ayé ló rántí eré John Isner àti Nicolas Mahut ní 2010, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 5, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, 70-68 nínú sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, pẹ̀lú sáàfù tó lé ní 100 tí rákẹ́ẹ̀tì Mahut kò kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni eré tó tẹ̀ lé e: Thiemo de Bakker na Isner 6-0, 6-3, 6-2, Isner kò sì rí irú sáàfù bẹ́ẹ̀ gbá ní ẹyọ kan. Láti 2022, táì-bíréèkì alámì 10, ìyẹn eré kúkúrú tí wọ́n fi ń mọ olúborí, ló ń parí sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn tó bá dé 6-6, nítorí náà irú rẹ̀ kò tún lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó fa wákàtí mẹ́rin ṣì ń gba nǹkan lára ènìyàn.

Iye ènìyàn tí mo ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gba ife kì í dọ́gba fún àwọn ọkùnrin àti àwọn obìnrin. Láti 2003 títí di 2022, ọkùnrin mẹ́rin péré ló pín ife náà láàárín ara wọn, Federer, Nadal, Djokovic àti Murray. Lẹ́yìn wọn, títí di 2025, Alcaraz gba méjì, Sinner gba ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ń fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ní àyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Láàárín àwọn obìnrin, láti ìgbà tí Serena ti gbà á kẹ́yìn ní 2016 títí di 2025, ìdíje mẹ́jọ la rí, ẹni mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gbé ife: Muguruza, Kerber, Halep, Barty, Rybakina, Vondrousova, Krejcikova àti Swiatek. Vondrousova kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà nígbà tó gba tirẹ̀ ní 2023, ìpele àkọ́kọ́ ló sì ti jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún mi, ṣùgbọ́n obìnrin tí mo bá kọ kì í dín ní mẹ́jọ.

Lẹ́yìn ìpele kejì, mo máa ń tún ìwé mi kọ, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú eré yìí pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, koríko ẹ̀yìn ìlà ti gbẹ, ó ti pọ́n, bọ́ọ̀lù ti ń fò sókè dáadáa, ẹsẹ̀ sì ti ń mú ilẹ̀, nítorí náà ọ̀gá orí amọ̀ tó bá la àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ já ti di ewu ńlá. Ní 2012, 2013 àti 2015, Rosol, Darcis àti Dustin Brown, tí kò sí ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà, lé Nadal, ọ̀gá orí amọ̀, jáde ní ìpele àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ní 2018, 2019 àti 2022 tí ó la ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Irú eléré bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi sí ìsàlẹ̀ ìwé mi ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, tí mo sì ń gbé wá sókè nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀.