Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ka àkókò ilé ìfọṣọ wá

Ọ̀pọ̀ ilé ìfọṣọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn ti ń sanwó fi ẹ̀rọ fọ aṣọ ara rẹ̀, ló lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ojú ilẹ̀kùn. Aago tí wọ́n ń tilẹ̀kùn wà lórí rẹ̀, aago mìíràn sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Last Wash" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aago kejì yìí ni kí ẹ dì mú. Bí wọ́n bá ń tì ní aago 9 alẹ́, ó lè jẹ́ pé aago 7:30 ni ẹ̀rọ tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé àpò aṣọ rẹ̀ dé ní aago 8, yóò rí i pé iná ṣì ń tàn, pé èèyàn ṣì wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kó fi owó sínú ẹ̀rọ. Yóò tún gbé e padà sílé ni.

Ẹni tó ti ń fọṣọ nínú báfù látìgbà tó ti dáyé, tó ń sá a sórí okùn kó tó bá iṣẹ́ mìíràn lọ, kì í ka gbígbẹ mọ́ iṣẹ́ fífọ̀, torí oòrùn ló ń bá a ṣe ìyẹn. Ní Bronx, ní Chicago, àti ní Houston níbi tí àwọn ará Texas ti ń pe ilé ìfọṣọ ní washateria, gbígbẹ ló ń jẹ àkókò jù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ní iye ìṣẹ́jú tirẹ̀, bí i 25 sí 35, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ èyí tó kù sójú. Dráyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, kò ní iye kan pàtó. Bí ẹ bá ṣe kó aṣọ sí i àti bí aṣọ bá ṣe tutù tó ló ń sọ ọ́. Ó lè parí ní ìṣẹ́jú 30, ó sì lè gba wákàtí kan gbáko.

Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ ka àkókò láti ẹ̀yìn wá. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìfọṣọ tó ń tì ní aago 9. Ẹ fẹ́ jáde ní 8:50, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ má bàa dúró tì yín lórí. Kíká aṣọ yóò gba ìṣẹ́jú 25, torí náà ó yẹ kó ti kúrò nínú dráyà ní 8:25. Ẹ fún dráyà ní 45, ó di 7:40. Kíkó aṣọ tútù láti inú ẹ̀rọ kan sí èkejì gba 5, ó di 7:35. Fífọ̀ gba 35, ó di 7:00. Kíkó aṣọ sínú ẹ̀rọ, bíbu ọṣẹ àti sísan owó gba 10, ó di 6:50. Ẹ wá fi 20 sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ṣì ń lò lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ní 6:30 nìyẹn, ó sì jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá sọ fún ara rẹ̀ pé wákàtí kan péré ni, fífọ̀ àti dráyà tó kún díẹ̀ nìkan ló kà.

Ọjọ́ tí ẹ bá yàn lè yọ ìṣẹ́jú 20 yẹn kúrò, ó sì lè sọ ọ́ di wákàtí kan. Ọjọ́ Àìkú láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jáde títí di alẹ́ ló máa ń kún jù, ọ̀sán Sátidé ló tẹ̀lé e. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń dákẹ́. Fún àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó lóru, tí wọ́n ń kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 7 àárọ̀, kò sí àkókò tó dára tó èyí: kí àpò aṣọ ti wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò látàná, kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ kí wọ́n tó lọ sùn.

Ilé ni kí ẹ ti ṣa aṣọ. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kó tó máa ya funfun kúrò lára dúdú, tó ń wá ẹnìkejì ìbọ̀sẹ̀, yóò lo ìṣẹ́jú 15 lórí ohun tó lè ṣe lórí ibùsùn rẹ̀. Ẹ di àpò kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú gbogbo àpò ṣòkòtò wò: ìwé ìnujú kan ṣoṣo á fọ́n ká sára aṣọ dúdú, bíìrò á sì já nínú ooru dráyà. Ẹ fa síìpù sókè, ẹ so ìkọ́ kọ́mú kó má fa aṣọ mìíràn ya. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó bá dọ̀tí, ẹ fi ọṣẹ pa á kí ẹ tó jáde, yóò ti rọ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò pẹ́. Bí ilé ìfọṣọ yín bá ń lo owó ẹyọ, kọ́tà ni, ìyẹn sẹ́ǹtì 25. Báǹkì ń ta á ní dídì, ẹyọ 40 nínú dídì kan, dọ́là 10. Ẹ rà á láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ owó lè gbẹ lọ́jọ́ Àìkú gan-an tí ẹ nílò rẹ̀. Bí káàdì ilé ìfọṣọ ni wọ́n ń lò, ẹ wo iye tó kù lórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bó bá kan yíyan ẹ̀rọ, ìwọ̀n aṣọ tó lè gbà wà lára rẹ̀: pọ́ùn 20, 40, 60. Èyí tó jẹ́ 20 á gba nǹkan bí apẹ̀rẹ̀ 2, 40 á gba nǹkan bí 4. Ẹ má ki aṣọ mọ́ inú rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn síwájú, ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ yín lè wọlé láàárín aṣọ àti òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Jíjábọ́ ni aṣọ fi ń mọ́ nínú irú ẹ̀rọ yìí: á gùn dé òkè, á já lulẹ̀, omi á gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó kún dẹ́múdẹ́mú kò rí àyè já, yóò kàn máa yí bí òkìtì kan ni, ìdọ̀tí àárín rẹ̀ á sì bá yín délé. Bí àyè bá wà, ẹ yan ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn síwájú ju èyí tó ń ṣí sókè lọ, torí ó sábà máa ń fún omi dáadáa jù. Omi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá fún kúrò, dráyà kò ní gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ́.

Ọṣẹ ló ń ba ètò àkókò jẹ́ jù, àwa tó gbà pé aṣọ ò mọ́ àfi bó bá hó ló sì kàn jù. Ọṣẹ tí wọ́n kọ HE sí lára, ìyẹn èyí tí kì í hó púpọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ tó ń lo omi díẹ̀, ni kí ẹ lò, ṣíbí ìjẹun 2, ìyẹn bí i mílílítà 30, sì tó fún aṣọ tó kún ẹ̀rọ pọ́ùn 20 níwọ̀nba. Ẹ wo ojú gíláàsì bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń rí aṣọ tó ń gùn tó ń já, tí ìhó ọṣẹ tín-ń-rín kan wà létí gíláàsì, ó dára. Bó bá jẹ́ pé funfun ìhó ọṣẹ nìkan lẹ ń rí, ọṣẹ ti pọ̀ jù. Ìhó yẹn ń gbé aṣọ ró kó má bàa já. Omi ìṣanṣọ kò ní lè kó o tán. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì fẹ́ yí kíkankíkan láti fún aṣọ, ìhó ọṣẹ á dá a dúró. Aṣọ á jáde ní rírin gbindin, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú 20 kún àkókò dráyà, bó bá sì gbẹ, á le bí páànù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí dráyà. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ pa inú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ṣingọ́ọ̀mù tàbí yíǹkì ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Bí àwọ̀n tó ń gba ẹ̀gbọ̀n òwú bá wà níbi tí ọwọ́ lè dé, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, torí atẹ́gùn tí kò bá rí ọ̀nà jáde kò lè gbé omi lọ. Ẹ gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jù ú sínú. Ẹ̀wù tó ká mọ́ra bí òṣùṣù á gbẹ lẹ́yìn, àárín rẹ̀ á tutù. Ẹ ya jíǹsì àti tówẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Aṣọ tó jáde látinú ẹ̀rọ pọ́ùn 40, ẹ pín in sí dráyà 2. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún èyí torí wọ́n rò pé owó méjì ni. Ìṣẹ́jú ni dráyà ń tà: dráyà 2 fún ìṣẹ́jú 30 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí dráyà kan fún wákàtí kan, ẹ sì ti jèrè ìdajì wákàtí. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí ẹ yọ àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti gbẹ, kí ẹ tó fi kọ́tà kọ̀ọ̀kan kún un fún èyí tó kù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ má wo àyà ẹ̀wù. Ẹ mú ibi ìbàdí jíǹsì, níbi tí aṣọ ti nípọn tí okùn ìránṣọ gba inú rẹ̀. Ooru máa ń bo ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, torí náà ẹ fì í sí atẹ́gùn díẹ̀, kó tutù, kí ẹ wá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù mọ́ yín lára, ó ku ìṣẹ́jú 8 tàbí 10.

Aṣọ tiwa nílò ètò tirẹ̀. Aṣọ òkè kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ rárá. Adìrẹ aláró á ṣí sára gbogbo ohun tó bá wà nítòsí, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nílé pẹ̀lú omi tútù. Ankárá lè wọ ẹ̀rọ bí ẹ bá yí inú rẹ̀ síta tí ẹ sì lo omi tútù, ṣùgbọ́n ẹ sá a sílé, kí ooru dráyà má sún un kì. Léèsì, inú àpò àwọ̀n ni kó wà. Sùtánà funfun tó jẹ́ òwú lè gba omi gbígbóná àti bílíìṣì díẹ̀. Aṣọ onínáílọ́ọ̀nù tàbí èyí tó ń fà, bílíìṣì á sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí amóníà láéláé, èéfín májèlé ni yóò jáde.

Ẹ ṣètò aago fóònù yín kó ké ní ìṣẹ́jú 3 ṣáájú kí ẹ̀rọ tó dúró. Bí ibẹ̀ bá kún, ẹni tó ń dúró lè kó aṣọ yín sórí tábìlì, ọ̀pọ̀ ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ má gbé aṣọ tó ṣì rin jáde pé ẹ ó sá a nílé. Àpò á wúwo lọ́wọ́, aṣọ á sì le gbandi lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ìfọṣọ sílẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pa òrùlé rẹ̀ yíká. Ibẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé máa ń lẹ̀ mọ́.