Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí ọmọ mi o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tójú wa rí ò ní í bi mí pé ọpẹ́ kí lèyí. Ọmọ mi tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe lápá ní kọ̀rọ̀ ti padà sí sùkúù, ó ń jẹun, ó wọ aṣọ alápá péńpé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò lè kọrin mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ń bẹ ní Àró, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ọmọ tiẹ̀ náà ò ní í fojú sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, ó rọra fọ ojú egbò yẹn, kò ṣe háà, kò pariwo, ó kàn ní, "Olówó orí mi, kí ló wúwo lọ́kàn ẹ tó báyìí?" Ọmọ tí ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí bú sẹ́kún. Òun ló là á yé wa pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe, kì í ṣe ikú ni wọ́n ń wá, ìrora inú ló pọ̀ jù tí wọn ò mọbi tí wọ́n máa gbé e sí, ìrora tara á wá bá wọn pa á rẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ìtìjú á dé, wọ́n á máa fi pamọ́. Ó ní ká má fojú kékeré wò ó ṣá o, torí ó lè la ikú lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, ọsibítù tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, ọlọ́pàá ni wọ́n ń dárúkọ fún wa, pé Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lẹni tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀ máa lọ. Ọmọ tó ń ṣàìsàn! Ẹ̀rù irú ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn òbí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣe ló ń wá kí wọ́n wo òun, ta ló ń wá kí wọ́n wo òun tó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru oṣù kẹta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká lọ nà án kí ẹ̀mí yẹn lè jáde, mo gbọ́ gbogbo yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ranti àwọn àbúrò náà. Tèmi ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn báluwẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá pẹ́ níbẹ̀, a ti ń mú òun náà lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìrẹsì ń bẹ nílé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá bá wa jẹ ẹ́. Ẹ má tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọ mi o, ìdánwò Wáẹ̀kì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi í.