Alẹ́ Sátidé pẹ̀lú Ọtí Hampden

Mo bu ọtí náà díẹ̀ sínú ife, n kò tíì fẹnu kàn án, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo yàrá. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n kọjá àlà ló kọ́kọ́ dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òórùn gọ́ọ̀mù àti ti ọ̀dà tútù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ní ó ti bàjẹ́ ni.

Kò bàjẹ́ rárá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Rọ́mù Hampden ni, láti agbègbè Trelawny ní Jàmáíkà, níbi tí oko ìrèké náà ti wà láti 1753. Molasses, ohun dúdú tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò lára omi ìrèké, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn kì í ra ìwúkàrà sí i. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára àgbá onígi ló ń ṣiṣẹ́ náà, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kan dé ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n tún máa ń da dunder mọ́ ọn, ìyẹn omi kíkan tó kù sísàlẹ̀ ìkòkò bàbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se ọtí ìṣáájú. Inú kíkan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí ásíìdì bá ti pàdé ọtí ni ester ti ń jáde, òun ló sì ń gbé òórùn èso wá.

HLCF ni àmì tó wà lára ìgò tèmi: gíráàmù ester 500 sí 700 nínú lítà 100 ọtí pọ́ńbélé. Èyí tó ga jù, DOK, ń dé 1,600, ibi tí òfin Jàmáíkà ní kí wọ́n dúró sí.

Bí a ṣe ń fi irú sọ́bẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ṣe lo irú rọ́mù yìí. Nígbà tí owó orí ọjà tó ń wọlé ga lọ́dọ̀ wọn ní òpin sẹ́ńtúrì 19, wọ́n wá èyí tó le jù, wọ́n ń bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọtí tí kò ní adùn kankan. Rum-Verschnitt ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń tà á: kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọtí inú rẹ̀ ṣáà ti jẹ́ rọ́mù, ó ti tó. Ìtàn yìí máa ń dùn mí. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló fi òógùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ wọn ló ń ṣe é lọ, síbẹ̀ èròjà ọtí ẹlòmíràn ni wọ́n sọ ọ́ dà. (Lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí, àwọn Yorùbá náà dé Jàmáíkà, Abeokuta kan wà ní agbègbè Westmoreland níbẹ̀ títí dòní.)

Mo wá tọ́ ọ wò. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára rẹ̀, nítorí náà mo kán omi sí i. Iyọ̀ ni ahọ́n mi kọ́kọ́ bá, kì í ṣe adùn. Ọ̀pẹ̀yìnbó tún padà wá, pẹ̀lú èso ólífì, ata, àti igi óákù tó ń koró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Ó pẹ́ gan-an kó tó lọ. Àgbá igi ti tù ú lójú, kò pa òórùn rẹ̀. Inú ooru Jàmáíkà ló sì ti gbó, níbi tí ohun tó ń fẹ́ lọ nínú àgbá lọ́dọọdún ti pọ̀ ju ti Skọ́tílándì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ìdílé Hussey ra oko Hampden ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọtí pamọ́ kó gbó nílé, ó sì di 2018 kí èyí tó gbó níbẹ̀ tó jáde lórúkọ Hampden fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kóòkì sí i. Ẹ mu ún ní òun nìkan, ẹ mu ún díẹ̀, kí ẹ sì fún un láyè nínú ife kí ẹ tó gbé e sẹ́nu.